Ibi tí bàbá mi ti ń fọ páǹpù Gammalin: ṣé a lè gbin ẹ̀fọ́ síbẹ̀?

ỌmọAlákòkó | Ọjọ́ Ajé, aago 7:42 àárọ̀

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ mi. Oko bàbá mi wà lójú ọ̀nà Ìdànrè. Bàbá ti re ibi àgbà ń rè lọ́dún tó kọjá, èmi ni mo ń bójú tó kòkó náà báyìí. Igi ọsàn kan wà lẹ́yìn abà. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti máa ń po oògùn, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń fọ páǹpù tí wọ́n fi ń fín kòkó. Èmi ni mo máa ń pọn omi fún wọn nígbà tí mo kéré. Gammalin 20, oògùn apakòkòrò, ni wọ́n ń lò nígbà náà. Tí wọ́n bá da omi tí wọ́n fi ṣan páǹpù sílẹ̀, ilẹ̀ á funfun bí ìgbà tí èèyàn da omi ògì sí i, òórùn rẹ̀ á sì wà lára aṣọ mi títí di alẹ́.

Ó pẹ́ tí a kò fi rí èèrà tàbí ekòló níbẹ̀. Ní báyìí, koríko ti bò ó, ilẹ̀ rẹ̀ dúdú, ó sì rọ̀. Ìyàwó mi fẹ́ gbin tẹ̀tẹ̀ àti ewédú síbẹ̀, kó máa kó o lọ sí Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí a má fòyà, ó ní àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ti jẹ oògùn náà tán nínú ilẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Mo tún gbọ́dọ̀ sọ eléyìí: ibẹ̀ náà lèmi ṣì ti ń fọ páǹpù tèmi, torí pé ó súnmọ́ kànga. Kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ.

---

BàbáỌ̀wẹnà | aago 8:15 àárọ̀

Ọmọ mi, ẹ kú ara fẹ́ra kù bàbá. Mo ti ń fín kòkó láti ayé Gowon. Ilẹ̀ kì í kọ nǹkan. Tí koríko bá ti hù, oògùn ti lọ nìyẹn. Ní ìgbà tiwa, àwọn èèyàn burúkú máa ń da Gammalin sódò láti fi pa ẹja. Ẹja á kú lọ bẹẹrẹ, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún kan sí méjì a tún máa ń rí ẹja níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìyàwó yín gbin ẹ̀fọ́ rẹ̀.

---

Olùkọ́Ilẹ̀ | aago 9:03 àárọ̀

Bàbá, mo kí yín o. Ẹ dárí jì mí, n kò lè fara mọ́ ọn. Kòkòrò ni Gammalin ń pa, kì í pa koríko. Koríko lè hù dáadáa lórí rẹ̀, kò sọ nǹkan kan fún wa. Èèrà àti ekòló tí ỌmọAlákòkó sọ gan-an ló yẹ ká máa wò. Ṣé wọ́n ti padà?

Ọ̀rẹ́ yín tó sọ̀rọ̀ nípa kòkòrò àìfojúrí kò parọ́, ó kàn jẹ́ pé kò sọ ọ́ délé ni. Iṣẹ́ mi nìyí, ẹ jẹ́ kí n tú u palẹ̀.

Ẹ bu erùpẹ̀ ṣíbí kan lábẹ́ igi kòkó. Bakitéríà, ìyẹn kòkòrò àìfojúrí, tó wà láàyè nínú ṣíbí yẹn ju gbogbo èèyàn ìpínlẹ̀ Oǹdó lọ. Ewé tó bọ́, òkú kòkòrò, gbòǹgbò tó jẹrà, àwọn ni oúnjẹ wọn. Kábọ́nù, èròjà tó wà nínú gbogbo ohun alààyè, ni wọ́n ń wá nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú oògùn tí a ń fín náà ní kábọ́nù nínú, nítorí náà oògùn lè di oúnjẹ fún bakitéríà tó bá ní ẹ́ńsáímù tí yóò fi já a. Ẹ́ńsáímù kì í ṣe nǹkan àjèjì: òun ló wà nínú itọ́ wa tí iyán fi ń dùn bíi ṣúgà díẹ̀díẹ̀ tí a bá jẹ ẹ́ pẹ́ lẹ́nu.

Ohun tó wà nínú Gammalin ni lindane. Kábọ́nù mẹ́fà ló so ara wọn pọ̀ bí òrùka, klórínì mẹ́fà sì wà lára wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí kábọ́nù kọ̀ọ̀kan. Klórínì wọ̀nyí ló dà bí ẹ̀gún ara òòrẹ̀. Ajá tó bá fẹ́ jẹ òòrẹ̀, ẹ̀gún ló máa kọ́kọ́ bá jà. Ní Japan, wọ́n rí bakitéríà kan tó mọ bí wọ́n ṣe ń bá a jà, nínú ilẹ̀ oko tí wọ́n ti lo lindane sí fún ọdún púpọ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Sphingobium japonicum UT26. Ẹ́ńsáímù kan tí wọ́n ń pè ní LinA á yọ klórínì méjì. LinB á fi omi lé méjì mìíràn kúrò. Ẹ́ńsáímù mìíràn tó wà lẹ́yìn wọn á mú méjì tó kù. Lẹ́yìn náà, òrùka á là, ohun tó ṣẹ́ kù á di ara àti agbára fún bakitéríà náà. Wọ́n rí ìbátan rẹ̀ ní India pẹ̀lú.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ ni irú bakitéríà yìí wà, kì í sì í jẹun nígbà tí kò bá sí omi tàbí tí oògùn bá pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ. Ibi tí wọ́n ti fọ páǹpù fún ogún ọdún yàtọ̀ sí oko tí wọ́n fín lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Èyí tó já sí oko fọ́nká lórí ewé. Èyí tó já sábẹ́ igi ọsàn yín, ojú kan ni gbogbo rẹ̀ jókòó sí.

---

ÌyáẸlẹ́fọ̀ọ́ | aago 10:20 àárọ̀

Ẹ má gbin ẹ̀fọ́ síbẹ̀ o! Èmi ń gbin ẹ̀fọ́ lẹ́bàá Odò Àlà nínú Àkúrẹ́ níbí, mo mọ bí ọkàn mi ṣe máa ń rí tí mo bá rí ẹni tó ń fọ páǹpù lókè odò. Àwọn ọmọ wa ló ń jẹ ẹ́.

Olùkọ́, mo ní ìbéèrè. Bí oògùn bá ti wọ omi ńkọ́? Ṣé àwọn kòkòrò yẹn wà nínú omi náà?

---

Olùkọ́Ilẹ̀ | aago 11:05 àárọ̀

Ìyá mi, wọ́n wà nínú odò, pàápàá nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Oòrùn náà máa ń bá wọn ṣe díẹ̀ lójú omi. Ìdí tí ẹja tí Bàbá sọ fi padà ni pé omi ṣàn lọ, ó la oògùn. Ṣùgbọ́n apá kan nínú lindane yẹn fara mọ́ ẹrẹ̀, apá kan sì wọ inú ọ̀rá ẹja, a jẹ ẹja náà. Ohun tó lọ kúrò lójú wa kò tíì parẹ́.

Kànga ló ń já mi láyà jù. Àárín orí ilẹ̀ sí bí àtẹ́lẹwọ́ méjì nísàlẹ̀ ni àwọn kòkòrò wọ̀nyí ti pọ̀ jù, níbi tí afẹ́fẹ́ àti ewé jíjẹrà wà. Bí a bá ṣe ń wa ilẹ̀ lọ ni iye wọn ń dín. Oògùn tí òjò bá gbé kọjá ibẹ̀ ti bọ́ sí ibi tí kò ti sí ẹni tó máa jẹ ẹ́. Ó lè dé omi kànga kó sì wà níbẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. ỌmọAlákòkó, lónìí yìí gan-an, ẹ má fọ páǹpù níbẹ̀ mọ́.

---

ỌmọAlákòkó | aago 11:31 àárọ̀

Mo gbọ́. Mo ti gbé páǹpù náà kúrò níbẹ̀.

---

OlóògùnOko | aago 1:10 ọ̀sán

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Mo ń ta oògùn oko ní Àkúrẹ́ níbí, ó ti lé lọ́dún mẹ́tàlá. Nígbà tí atrazine, oògùn koríko kan, ṣì bófin mu, àwọn alágbàdo máa ń wá bá mi jà. Wọ́n ní tẹ́lẹ̀ oògùn náà máa ń dá koríko dúró títí àgbàdo á fi yọ ìrùkẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó yá kò lè di oṣù kan àbọ̀ mú. Wọ́n ní mo bu omi là á. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọnú egungun, torí pé láti ọwọ́ ẹni tó ń kó o fún mi ni mo ti ń gbà á ní dídì, èmi kì í ṣí i. Ṣé ọ̀rọ̀ kòkòrò yìí lè jẹ́ ìdí?

---

ỌmọLáàbù | aago 1:48 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n, ó lè jẹ́! Orí atrazine ni mo ti ṣiṣẹ́ àṣekágbá mi ní yunifásítì, mo sì fojú mi rí i. Nínú àwo láàbù, a máa ń pò ó mọ́ ohun dídì tó dà bí ẹ̀kọ, àwo náà á sì funfun nítorí atrazine kì í fẹ́ yòrò. A á wá fi omi tí a ti pò mọ́ erùpẹ̀ oko kàn án. Tí ó bá di ọjọ́ mélòó kan, ẹ ó rí ìdì bakitéríà kékeré, bí orí abẹ́rẹ́. Yíká rẹ̀, funfun yẹn ti parẹ́, ó mọ́ gaara bí gíláàsì, bí òṣùpá tó ní agbo ìmọ́lẹ̀ yíká. Ohun tó wà níbẹ̀ ti wọ inú wọn. Mo jókòó tì í, mo ń wò ó, n kò fẹ́ lọ jẹun.

---

Olùkọ́Ilẹ̀ | aago 2:26 ọ̀sán

ỌmọLáàbù kú iṣẹ́. Ọ̀nà yẹn náà ni wọ́n gbà rí bakitéríà Pseudomonas kan tí wọ́n sọ ní ADP ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ́dún 1995. Ibi tí oògùn koríko ti dà sílẹ̀ rí ni wọ́n ti bu ilẹ̀ náà. Kì í ṣe kábọ́nù ló ń wá nínú atrazine bí kò ṣe náítírójìn, èyí tí a máa ń ra fatiláísà nítorí rẹ̀.

OlóògùnOko, n kò lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan tí ẹ tà, ayédèrú wà lọ́jà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ sọ ti pẹ́ tí a ti mọ̀ ọ́n. Lọ́dún 1949 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Audus da oògùn koríko 2,4-D gba inú ilẹ̀ léraléra. Lákọ̀ọ́kọ́, ó pẹ́ díẹ̀ kí oògùn náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Nígbà tó tún dà á, kò sí ìdádúró mọ́, kíá ni wọ́n jẹ ẹ́. Àwọn tó mọ̀ ọ́n jẹ ti bímọ, wọ́n ti pọ̀. Ẹ wo ilé ìgbéyàwó: bí ọ̀rọ̀ bá tàn pé jọ̀lọ́ọ̀fù ti jáde, ìyẹn kò ní pẹ́ tán. Bakitéríà tún máa ń fún ara wọn ní ogún ẹ́ńsáímù yìí láìjẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Ọ̀pọ̀ irú ogún bẹ́ẹ̀ wà lórí òrùka kékeré ti DNA, ohun tó ń gbé àbùdá ohun alààyè, tí ó ń ti ọwọ́ ọ̀kan bọ́ sí ọwọ́ èkejì.

Ó ń ṣẹlẹ̀ sí metalaxyl náà, èyí tó wà nínú Ridomil tí a fi ń gbógun ti àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú. Ilẹ̀ tó bá ti mọ̀ ọ́n lára á máa yára jẹ ẹ́. Àgbẹ̀ tí kò mọ èyí á máa fi kún ìwọ̀n ni. Kó pààrọ̀ oògùn ló yẹ kó ṣe, kó sì máa ká kòkó tó ti dúdú kúrò lórí igi.

---

BàbáỌ̀wẹnà | aago 4:40 ìrọ̀lẹ́

Mo ti ka gbogbo ẹ̀. Mo fi ọmọ mi ṣe ojú, òun ló kà á fún mi. Olùkọ́, ẹ ṣeun, n kò bínú. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, bí kòkòrò bá ń jẹ ẹ́, tí àwọn tó ń jẹ ẹ́ sì ń pọ̀, kí ló dé tí a fi ń bẹ̀rù? Bí ọdún bá ti ń lọ, ṣebí ilẹ̀ á mọ́ náà ni?

---

Olùkọ́Ilẹ̀ | aago 6:12 ìrọ̀lẹ́

Bàbá, ìbéèrè yín gan-an ni ìdí ọ̀rọ̀. Wọn kì í jẹ gbogbo rẹ̀ bákan náà.

Ẹ mú Gramoxone, oògùn koríko, ìyẹn paraquat, tí NAFDAC ti fòfin dè láti oṣù kìíní ọdún 2024. Bakitéríà wà tó lè jẹ ẹ́ tó bá wà nínú omi. Àmọ́ tí ó bá ti kan ilẹ̀ amọ̀, amọ̀ á gbá a mú pinpin. Ó dà bí gàrí tí wọ́n tì sínú páànù: ebi ń pa ẹni tó dúró ti páànù náà, kò rí i jẹ. Ó lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ mú chlorpyrifos, oògùn apakòkòrò kan. Àwọn bakitéríà á já a sí méjì, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú ohun tó jáde, tí wọ́n ń pè ní TCP, ń pa bakitéríà. Oúnjẹ náà á wá di májèlé lọ́wọ́ ẹni tó ń jẹ ẹ́, iṣẹ́ á dúró. DDT, oògùn apakòkòrò ayé àtijọ́, náà ní ìṣòro tirẹ̀: nínú ilẹ̀ tí afẹ́fẹ́ wà, ó máa ń di DDE, DDE sì ṣòroó jẹ ju bàbá tó bí i lọ.

Èyí tó kan ẹ̀yin àti èmi jù nílẹ̀ kòkó ni bàbà, irin pupa tí wọ́n fi ń ṣe wáyà iná. Oògùn aláwọ̀ búlúù tí a ń pò mọ́ láìmù, bàbà ni. Lẹ́búlẹ́bú pupa tí a ń fín nígbà òjò, bàbà ni. Kò sí kábọ́nù níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni máa jẹ. Bakitéríà lè gbé e mì, ó lè so ó mọ́ nǹkan mìíràn, ṣùgbọ́n kò lè sọ ọ́ di asán. Gíráàmù kan tó wọ ilẹ̀ lọ́dún 1975, gíráàmù kan náà ló wà níbẹ̀ lónìí, àfi èyí tí òjò bá wọ́ lọ tàbí tí igi bá fà mu. ỌmọAlákòkó, ṣé bàbá fọ páǹpù bàbà náà níbẹ̀?

---

ỌmọAlákòkó | aago 6:50 ìrọ̀lẹ́

Wọ́n fọ̀ ọ́ níbẹ̀. Ara igi ọsàn náà ṣì ní àmì búlúù ní ìdí. Mo rò pé ewéedò ni.

---

ÌyáẸlẹ́fọ̀ọ́ | aago 7:05 alẹ́

Háà! Ọlọ́run ló yọ wá.

---

Ilẹ̀Ọ̀tun | aago 8:30 alẹ́

Ẹ má ṣe wàhálà. Oògùn olómi kan wà nínú ike, bakitéríà ló wà nínú rẹ̀, ẹ kàn máa da ìdérí méjì sínú omi kẹ́ẹ̀gì kan, ẹ wọ́n ọn sílẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo májèlé ti tán. Ẹni tó bá fẹ́ kó fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí mi.

---

Olùkọ́Ilẹ̀ | aago 9:15 alẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má náwó yín sórí ohun tó bá ṣe irú ìlérí yìí. Bakitéríà tí a tọ́ nínú ike, tí a wá jù sínú ilẹ̀ tó jẹ́ ti ẹlòmíràn, ebi àti ogun ló máa ń pa ọ̀pọ̀ wọn láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ó máa ń ṣiṣẹ́ níbòmíràn, nígbà tí àwọn tó mọ̀ ọ́n bá yan bakitéríà fún oògùn kan pàtó, tí wọ́n sì ń wọn ilẹ̀ ṣáájú àti lẹ́yìn. Kò sí bakitéríà tó máa kó bàbà lọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn onílé tó ti wà nínú ilẹ̀ yín ni ká fún lóúnjẹ, lómi àti láfẹ́fẹ́.

---

OlóògùnOko | aago 9:40 alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ gidi. Dichlorvos tí àwọn èèyàn ń wọ́n sí ẹ̀wà ńkọ́? Wọ́n máa ń sọ pé kì í pẹ́ lọ.

---

Olùkọ́Ilẹ̀ | aago 10:02 alẹ́

Nínú ilẹ̀ tútù, òótọ́ ni, kì í pẹ́: omi ń já a, bakitéríà ń já a. Ṣùgbọ́n inú àpò ẹ̀wà gbígbẹ tí a dì lẹ́nu pinpin, kò sí omi, kò sí ilẹ̀, ta ló máa jẹ ẹ́? Nítorí dichlorvos ni ilẹ̀ Yúróòpù ṣe ní kí ẹ̀wà Nàìjíríà má wọlé mọ́ lọ́dún 2015. Ẹ má wọ́n ọn sí oúnjẹ. Ẹ bá oníbàárà yín sọ ọ́.

---

ỌmọAlákòkó | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 6:58 àárọ̀

N kò sùn dáadáa. Olùkọ́, kí ni kí n ṣe sí ibẹ̀? Níbo ni kí n sì ti máa fọ páǹpù?

---

Olùkọ́Ilẹ̀ | aago 8:20 àárọ̀

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀bi yín kọ́, kì í sì í ṣe ti bàbá yín. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn.

Abẹ́ igi ọsàn: ẹ má gbin ohun jíjẹ kankan síbẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí adìẹ máa tan ilẹ̀ níbẹ̀. Ẹ má ká ọsàn igi yẹn jẹ títí èsì á fi dé. Ẹ bu ilẹ̀ rẹ̀ láti ojú márùn-ún, ẹ bu ti kànga náà, kí ẹ gbé e lọ sí láàbù tó ń wọn oògùn àti irin nínú ilẹ̀. FUTA, yunifásítì tó wà ní Àkúrẹ́, wà nítòsí yín, ibùdó ìwádìí kòkó CRIN náà wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́ ní Ìbàdàn, ẹ lè béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ wọn. Kí èsì tó dé, ẹ jẹ́ kí koríko bò ó, ẹ máa kó ewé gbígbẹ lé e. Ẹ má fi iná sun ún.

Fífọ páǹpù: bí oògùn bá tán, inú oko ni kí ẹ ti bu omi sí i, kí ẹ mì í, kí ẹ sì fín omi náà sórí igi kòkó kan náà. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Ibẹ̀ ló ti fọ́nká, ibẹ̀ ni àwọn kòkòrò ilẹ̀ ti lè bá a ṣe.

Ti ìyókù, ìyẹn oògùn tó bá kán láti ara páǹpù, ni mo fẹ́ kí ẹ gbẹ́ kòtò fún. Sweden ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1993. Kòtò tó jìn tó ọgọ́ta sẹ̀ǹtímítà. Amọ̀ ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kí omi má baà jò lọ. Lórí amọ̀, ìdajì rẹ̀ jẹ́ koríko ọkà gbígbẹ, ìyẹn pòròpórò, tí a gé wẹ́wẹ́, ìdá mẹ́rin kan jẹ́ ilẹ̀ oko, ìdá mẹ́rin tó kù jẹ́ ẹrẹ̀ ewé jíjẹrà ti ilẹ̀ wọn. A kò ní irú ẹrẹ̀ yẹn níbí. Èèpo kòkó tó ti jẹrà di dúdú dáadáa la lè fi rọ́pò rẹ̀, kó má ṣe jẹ́ tútù. Koríko ló wà lójú kòtò, kó máa fa omi. Orí rẹ̀ ni wọ́n ń gbé páǹpù sí, kí gbogbo ohun tó bá kán lè kán síbẹ̀.

Pòròpórò ni àṣírí rẹ̀. Igi àti pòròpórò ní nǹkan líle kan nínú tí olú funfun ara igi jíjẹrà mọ̀ ọ́n jẹ jù, ẹ́ńsáímù tó fi ń jẹ ẹ́ kì í sì í ṣàyẹ̀wò ohun tó bá bá pàdé. Bó ṣe ń já igi náà ló ń já oògùn tó bá wà nítòsí. Láti ọdún 1985 ni wọ́n ti rí i pé irú olú bẹ́ẹ̀ lè já DDT gan-an. Ẹ jẹ́ kí kòtò náà rin, kó má rì sómi. Bó bá ti ń jẹrà á máa rẹlẹ̀, ẹ máa fi pòròpórò kún un. Ẹ ta páànù bò ó nígbà òjò, ẹ jẹ́ kó jìnnà sí kànga àti odò. Bàbà kò ní jẹrà níbẹ̀ o, mo tún un sọ. Omi páǹpù bàbà, orí kòkó ni kó padà sí.

---

BàbáỌ̀wẹnà | aago 9:37 àárọ̀

Pòròpórò ọkà pọ̀ lóko mi, mo fẹ́ dáná sun ún lọ́sẹ̀ yìí tẹ́lẹ̀. ỌmọAlákòkó, ẹ wá kó o. Ẹ tún gbẹ́ kòtò kan fún èmi náà, ẹ̀yìn mi kò gba ọkọ́ mọ́.

---

ỌmọAlákòkó | Ọjọ́ Ẹtì, aago 5:15 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ gbogbo ilé. Mo ti bu ilẹ̀, mo ti bu omi kànga, láàbù ní kí n padà wá lọ́sẹ̀ méjì sí i. Omi tí a ń mu báyìí, láti abúlé kejì ni a ti ń pọn ọ́n. Mo gbẹ́ kòtò náà sí ìhà kejì abà, mo wọn ọgọ́rin ìṣísẹ̀ sí kànga. Ìyàwó mi ló bá mi gún amọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń mọ ilé. Ó ní òun á gbin tẹ̀tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná, ilẹ̀ ibẹ̀ kò ní ìtàn.

Nígbà tí mo ń bu ilẹ̀ lábẹ́ igi ọsàn, mo rọra wò ó bí Olùkọ́ ṣe sọ. Ní ojú kan, létí tó jìnnà sí ìdí igi, mo rí ekòló méjì. Ní ìdí igi gan-an, n kò rí ẹyọ kan.

Bàbá, mo ń bọ̀ lọ́la fún pòròpórò náà. Àdá tí màá fi gé e ni mò ń pọ́n lọ́wọ́.